SSD wo ni kí n rà sínú kọ̀ǹpútà ilé mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbà mí o

Bàbá_Ìbejì_Tákìí:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ní dẹ́sítọ́ọ̀pù kan nílé, Dell OptiPlex 7010 ni, èyí tó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní SFF yẹn, Core i5 ìran kẹta, RAM 8GB. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, háàdì 500GB ló sì bá a wá. Láàárọ̀ òní mo tẹ̀ ẹ́, mo lọ wẹ̀, mo jẹ àkàrà mo mu ẹ̀kọ, mo padà dé, òbìrìkìtì kékeré yẹn ṣì ń yí lójú ẹ̀. Mi ò bù mọ́ ọn o. Ìyàwó mi ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ ká tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá tá a bá fi máa dé á ti tàn 😂

Iṣẹ́ tá à ń fi í ṣe ò pọ̀. Àwọn ìbejì ń fi í dánra wò fún JAMB, màmá wọn ń kọ owó ọjà sí i, èmi náà sì ń fi CorelDRAW ṣe ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ìpè ìgbéyàwó fún àwọn èèyàn àdúgbò. Kí CorelDRAW tó ṣí tán, oníbàárà á ti gbàgbé ohun tó bá wá.

Wọ́n ní kí n fi SSD rọ́pò háàdì yẹn, pé òun náà ń kó fáìlì pa mọ́ bíi háàdì, àmọ́ ó yá jù ú lọ. Mo wá dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, ó ní kí n ra NVMe, irú SSD kan tó yá jù, ó ní 7,000MB ní sẹ́kọ́ǹdì kan ló ń sá, ó ní àwọn yòókù ti di ti ayé àtijọ́. Nígbà tó pe owó ẹ̀ àyà mi já. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ò ju ₦60,000 lọ. Kí ni kí n rà? Ṣé 256 tó, àbí kí n ní sùúrù kí n ra 512? Ṣé lóòótọ́ ni SSD máa ń kú láìgbin? Ẹ dá mi lóhùn kí n má lọ kó owó ra òkúta.

ỌmọUnderG:
Ẹ kú ilé bàbá wa. Ẹ dákun ẹ má tíì fún ẹni yẹn ní kọ́bọ̀. 7010 tẹ́ ẹ dárúkọ yìí, ẹ̀rọ ọdún 2012 ni, kò sí ihò M.2 kankan lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀. Ibo ló fẹ́ kẹ́ ẹ ki NVMe yẹn bọ̀? Ó lè ní kẹ́ ẹ ra káàdì kan tí wọ́n máa ń kì sí ihò PCIe, Windows á rí i bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n BIOS ẹ̀rọ ìgbà yẹn, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kó tó kan Windows, ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà láti ara NVMe, àfi kéèyàn lọ tú BIOS tún rọ, èyí tí mi ò ní dábàá ẹ̀ fún ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń múra JAMB lọ́wọ́ 😂

SATA SSD oní-íǹṣì 2.5 lẹ fẹ́. Orí wáyà tó wà lára háàdì yín yẹn náà ló máa wọ̀ ọ́, kò sí káàdì, kò sí ariwo.

Ẹ má sì jẹ́ kí 7,000 yẹn wọ̀ yín lójú. Háàdì yín ń ka bíi 100MB ní sẹ́kọ́ǹdì kan, SATA SSD ń ka bíi 550, NVMe ti PCIe 3.0 ń lọ sí 3,500, ti PCIe 4.0 ló ń dé 7,000. Kì í ṣe nọ́ńbà yẹn ló ń mú kọ̀ǹpútà tètè tàn. Ẹ wo ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà Wàsò. Tẹ́ ẹ bá ní kó to àgbo ibà fún yín, ewé kan wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, egbò kan wà lẹ́yìn ìsọ̀, èèpo kan wà lọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀ lódìkejì títì, bó ṣe ń dìde ló ń jókòó. Bí háàdì ṣe ń ṣe nìyẹn. Apá tín-ín-rín kan wà nínú ẹ̀ tó ń sáré kiri lórí àwo tó ń yí, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ wá nǹkan á gbà á tó mílísẹ́kọ́ǹdì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀, Windows sì ń wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì wẹ́wẹ́ kó tó tàn tán. SSD ò ní apá, kò ní àwo, gbogbo ewé ló tẹ́ síwájú ẹ̀, kò tó mílísẹ́kọ́ǹdì kan tó fi ń fa èyí tó bá fẹ́ yọ. Àtinú háàdì bọ́ sínú SSD, SSD yòówù kó jẹ́, ibẹ̀ lẹ ti máa pariwo. Láti SATA lọ sí NVMe, tó bá jẹ́ ká tan kọ̀ǹpútà ká ṣí CorelDRAW ni, agbára káká lẹ fi máa mọ̀ pé nǹkan kan yí padà.

Jagunjagun_Ọ̀yọ́:
Láti Ọ̀yọ́ Aláàfin ni mo ti ń kí yín. ỌmọUnderG gbà á dé ibì kan, àmọ́ kó má ba NVMe lórúkọ jẹ́ o. Fídíò ìgbéyàwó ni mò ń gé, fáìlì 4K tó tó 200GB ni mo máa ń kó láti ibì kan sí ibòmíì, tí mo bá ní kí n fi SATA ṣe é mo máa jókòó pẹ́. Ẹni tí ẹ̀rọ ẹ̀ bá ní ihò M.2 tó gbọ́ NVMe, kó rà á, owó wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ti bàbá yìí ló yàtọ̀, kò sí ihò, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ jẹ́ n fi ti èmi kún un kí ẹlòmíì má baà jìn sí kòtò tí mo jìn sí. Láàpútọ́ọ̀pù tí mo kọ́kọ́ lò ní ihò M.2. Mo ra M.2, mo kì í bọ̀ ọ́, ó wọ̀, mo de sukúrúù ẹ̀, mo tan ẹ̀rọ, kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń tú u tí mò ń dè é, mo ti ń bú ẹni tó tà á fún mi. Àṣé M.2 kàn jẹ́ ìrísí ni. M.2 tó ń sọ èdè SATA wà, M.2 tó ń sọ NVMe wà, ihò tèmi SATA nìkan ló gbọ́, NVMe ni mo rà fún un. 2280 tí wọ́n sì ń kọ sára ẹ̀, fífẹ̀ mílímítà 22, gígùn 80 ni, kò sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe ń sáré rárá. Wọ́n máa ń ní téèyàn bá rí ojú gígé méjì létí ẹ̀, SATA ni, tó bá jẹ́ ọ̀kan, NVMe ni. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n NVMe kan wà tó ní ojú gígé méjì, nítorí náà ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà.

Tíṣà_Àgbà:
Ẹ̀yin ọmọdé òní, gbogbo nǹkan ni kó yá, kó yá. Háàdì tí mo fi ń kọ ìwé ìdánwò nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, ó ti lo ọdún 11, ó ṣì ń lọ. Háàdì tó bá fẹ́ kú máa ń wí. Á máa dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, á máa lọ́ra, èèyàn á mọ̀ pé àìsàn ti dé, á yáa kó ẹrù ẹ̀ kúrò. SSD tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ àbúrò mi, alẹ́ ó wà, àárọ̀ ó ti lọ, bí àbẹ́là tí wọ́n fẹ́ pa. A gbé e lọ fún ẹni tó ń yọ fáìlì, owó tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó kọ̀ǹpútà, kò sì rí nǹkan gidi yọ. Bàbá Ìbejì, ẹ rọra o.

Alátùnṣe_Sábó:
Tíṣà, ẹ kú àgbà sà. Ọ̀rọ̀ yín ò ṣeé bì dànù, bí SSD ṣe sábà máa ń kú nìyẹn, kì í dún, kò kúkú ní ohun tó ń yí nínú ẹ̀. Ti pé fáìlì tí wọ́n bá ti pa lórí ẹ̀ nira láti yọ náà, òótọ́ ni, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní TRIM tó máa ń sọ fún SSD pé ibí yìí ti ṣófo, òun fúnra ẹ̀ á sì nu ún mọ́ nígbà tó bá ráàyè. Ṣùgbọ́n sà, èyí tí mò ń rí lórí tábìlì mi lójoojúmọ́ ni háàdì tí iná pa. Wọ́n á mú iná lọ, wọ́n á dá a padà, wọ́n á tún mú un lọ, láàárín ìṣẹ́jú kan, apá inú háàdì á ti máa ṣe bí ọmọ tí wọ́n ń pè lápá ọ̀tún tí wọ́n ń pè lápá òsì. Iná àlọ-àbọ̀ ò dára fún SSD náà, ó lè ba fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ jẹ́, torí èyí tó ní kapásítọ̀ tó máa gbé e dúró tí iná bá lọ lójijì, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún. Nítorí náà UPS kékeré, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró tí iná bá lọ, ṣe pàtàkì ju ká máa jà lórí TLC lọ. Mo ti sọ tèmi.

Ti pé SSD máa ń tètè gbó, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Gbogbo SSD ló ní ohun tí wọ́n ń pè ní TBW, iye terabyte tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbà pé ẹ lè kọ sí i kí wáráńtì tó tán. Kingston A400 oní-240GB, 80TB ni. Samsung 870 EVO oní-500GB, 300TB ni, wáráńtì ọdún márùn-ún. Ká ní ẹ̀ ń kọ 20GB lójúmọ́, ìyẹn gan-an ti pọ̀ jù fún ìwé ètò ìsìnkú, 80TB á gbà yín ní ọjọ́ 4,000, ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ. 300TB á gbà yín ní ọjọ́ 15,000, ìyẹn ọdún 41. Àwọn ìbejì á ti bí ìbejì.

Ohun tí mo máa ń sọ fún oníbàárà mi ni pé kó má ju háàdì àtijọ́ nù. SSD ni kó máa tan ẹ̀rọ, háàdì ni kó máa tọ́jú ẹ̀dà. Ẹ̀dà méjì, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì. Ẹ má sì gbé SSD tí fáìlì wà nínú ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi iná sí i o, pàápàá pẹ̀lú ooru wa yìí. Iná tín-ín-rín tó há sínú ẹ̀ ni fáìlì, ó ń rọra jò lọ, ooru sì ń jẹ́ kó yá. Àwọn tó ń ṣe òfin ẹ̀, JEDEC, ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ SSD ará ilé tó ti lo TBW ẹ̀ tán ni pé kó ṣì di fáìlì mú fún ọdún kan láìsí iná, níbi tí ooru ò ti ju 30 lọ. Èwo nínú yàrá wa ni kì í ju 30 lọ ní oṣù kẹta?

Ìyá_Oníkéèkì:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi torí ó ṣì ń dùn mí. Mo rí SSD kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 2TB ni wọ́n kọ sára ẹ̀, owó ẹ̀ ò tó owó 256 lọ́jà. Mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi. Mo kó gbogbo fọ́tò kéèkì tí mo ti ṣe láti ọdún mẹ́rin sínú ẹ̀, mo kó ti ìsọmọlórúkọ àbíkẹ́yìn mi náà sí i, kọ̀ǹpútà ń kọ ọ́ pé 2TB, ó ń kọ ọ́ pé àyè ṣì pọ̀. Lọ́jọ́ kan oníbàárà ní kí n fi kéèkì olókè mẹ́ta han òun, mo ṣí fọ́tò, ìlàjì wúrúwúrú, ìlàjì funfun. Mo ṣí òmíràn, bákan náà. Àwọn àkọ́kọ́ ṣí, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé wọn ti bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá mú ọ̀bẹ, ó tú u. Ẹ̀yin èèyàn mi. Káàdì kékeré irú èyí tá à ń kì sínú fóònù ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, òun ni gbogbo ohun tó wà nínú àpótí yẹn, ìyókù òfìfo, wọ́n tún fi irin pẹlẹbẹ kan sí i kó lè wúwo. Wọ́n ti tún orí ẹ̀ kọ kó máa parọ́ pé 2TB lòun, ṣùgbọ́n tó bá ti kún dé ibi tí àyè ẹ̀ gidi parí sí, á máa ṣe bí ẹni ń gba tuntun, àmọ́ kò sí ibi tó ń kó o sí. Èmi ni mo gba ìyà, ẹni tó tà á ti dí nọ́ńbà mi.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni H2testw. Ọ̀fẹ́ ni lórí Windows, ẹni tó ń lo Linux ní F3. Á kún SSD tuntun yẹn dẹ́nu, á tún kà á padà, tó bá jẹ́ irọ́ ó máa hàn. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó kó fọ́tò ọmọ yín sí i. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Bàbá_Ìbejì_Tákìí:
Ha, Ìyá Oníkéèkì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fi èyí tó pọ̀ jù ú lọ dá a padà. Ẹ ti là mí lójú gan-an. Mo ti gbà pé SATA ni. Ó ku méjì: kí ni TLC tí Alátùnṣe ní kẹ́ ẹ má jà lé lórí, mo rí i lára páálí. Èkejì, 240 àbí 480?

ỌmọUnderG:
Bàbá wa, ẹ wo yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G. Nígbà tí nǹkan ṣì dùn, ẹnì kan ló ń gba yàrá kan, ìyẹn SLC. Nígbà tí owó ilé wọ́n, wọ́n di méjì, MLC. Wọ́n di mẹ́ta, TLC. Ní báyìí mẹ́rin ló wà nínú yàrá kan, ẹnì kan ń se ìrẹsì, ẹnì kan ń kàwé, QLC nìyẹn. Owó yàrá já wálẹ̀ fún oníkálukú, àmọ́ ká tó mọ ẹni tó ni bàtà wo á pẹ́, ilẹ̀kùn yàrá á sì tètè yẹ̀. Iye bíìtì tí wọ́n kó sínú sẹ́ẹ̀lì kan ni gbogbo ẹ̀. Ẹ ra TLC tẹ́ ẹ bá rí i. Samsung 870 EVO, TLC ni. 870 QVO, QLC ni, lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n, ojú sì lè ṣì í lọ́jà.

Nǹkan kejì tẹ́ ẹ máa wò ni DRAM. Àwọn kan ní ìrántí kékeré tiwọn nínú tí wọ́n fi ń rántí ibi tí wọ́n kó fáìlì sí, 870 EVO ní, Crucial MX500 ní. Kingston A400 àti Crucial BX500 ò ní, ìdí tí wọ́n fi dínwó nìyẹn. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, ẹ má gbọ́ ọ sódì, èmi gan-an A400 ló wà nínú tèmi, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó fáìlì ńlá sí i pẹ́, wọ́n máa ń mí hẹlẹ.

240 tàbí 480 kẹ̀? 480 tàbí 500. 240 yẹn, 223 ni Windows máa pè é fún yín, kì í ṣe jìbìtì o, ilé iṣẹ́ ń ka GB ní ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún, Windows ń kà á ní 1,024. Ẹ yọ ti Windows, ẹ yọ ti CorelDRAW, ẹ yọ ti géèmù táwọn ìbejì máa gbé sí i tí wọn ò ní sọ fún yín, ẹ tún fi díẹ̀ sílẹ̀ láìkún torí SSD tó kún dẹ́nu máa ń lọ́ra. Kí ló kù?

Jagunjagun_Ọ̀yọ́:
Lórí DRAM yẹn èmi ò gbà. Iṣẹ́ tí bàbá yìí ń ṣe, kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ láé. Kó ra èyí tí kò ní DRAM, kó fi owó tó kù ra UPS tí Alátùnṣe sọ. Ojúlówó tí kò ní DRAM sàn ju ayédèrú tí wọ́n kọ 870 EVO sí lára, ìyẹn sì kún ọjà.

Alátùnṣe_Sábó:
Jagunjagun, a jọ wà ní ojú kan náà lórí ìyẹn. Bàbá, ẹ ra èyí tówó yín bá ká, ẹ má sì dúró dìgbà tówó ẹ̀ máa wálẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ AI ló ń kó gbogbo ìrántí lọ lágbàáyé, ìyẹn ló ń gbé owó gun òkè. Micron tó ni Crucial gan-an kéde ní December 2025 pé àwọn ò ní tà á fún ará ilé mọ́. Èyí tó wà lọ́jà ò di ohun àpatì torí ìyẹn o, wọ́n ní àwọn ṣì máa bójú tó wáráńtì ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ gbọ́ nǹkan mẹ́rin yìí. Tẹ́ ẹ bá ra 480, tẹ́ ẹ wá fẹ́ fi Clonezilla da háàdì 500 yín kọ sínú ẹ̀ bó ṣe wà, á kọ̀, torí ibi tó ń lọ kéré sí ibi tó ti ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáìlì yín ò ju 100GB lọ. Ẹ ra 500 tàbí kẹ́ ẹ fi Windows tuntun sí i, èmi fẹ́ràn tuntun, ìdọ̀tí ọdún pípẹ́ ò yẹ kó bá ìyàwó tuntun wọlé. Èkejì, ẹ tẹ F2 nígbà tó bá ń tàn, ẹ wá SATA Operation, tó bá wà lórí RAID On ẹ gbé e sí AHCI KẸ́ Ẹ TÓ fi Windows sí i. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn tẹ́ ẹ fi sí i tán lẹ yí i, ojú búlúù lẹ máa rí, Windows ò ní tàn. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ há sórí jù: ẹ YỌ WÁYÀ HÁÀDÌ ÀTIJỌ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi Windows sínú SSD. Ihò SATA tó wà lórí bọ́ọ̀dù yẹn náà ò dọ́gba, irú bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní Q77 ni, méjì ló ń sáré 6 gígábíìtì, ìyókù 3 ni, wọ́n kọ nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ihò tí háàdì ń lò tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ fún SSD.

Bàbá_Ìbejì_Tákìí:
Ẹ̀yin ará, mo ti dé o. Awakọ̀ kan tí mo mọ̀ ló bá mi gbà á ní Ìbàdàn, 480GB, èyí tí kò ní DRAM, owó kù lára 60 yẹn. H2testw lo wákàtí púpọ̀ lórí ẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí irọ́ kankan. Kí n tó ṣe ìyẹn, CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera SSD àti háàdì wò, ní 100%, wákàtí tó ti lò, 0. Mo yọ̀.

Mo wá ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi. Kẹ́hìndé di tọ́ọ̀ṣì mú, Táyé ń ka ohun tẹ́ ẹ kọ síta fún mi bíi wòlíì. F2, AHCI, gbogbo ẹ̀ pé. Windows wọlé, ó tàn, mo ṣí CorelDRAW, mo pe ìyàwó mi láti kíṣìnì, kó tó dé ó ti ṣí. Ó ní ṣé mi ò tíì pa á látàárọ̀ ni 😂

Mo wá ní kí n yọ háàdì àtijọ́ kí n lọ fi sínú àpótí USB. Mo tan ẹ̀rọ. "No boot device." Mo tún un tàn. Ohun kan náà. Mo dá háàdì padà, ó tàn wàì. Mo yọ ọ́, kò tàn. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé àìsàn àbẹ́là Tíṣà ti dé.

ỌmọUnderG:
Bàbá wa, ẹ ò yọ wáyà háàdì nígbà tẹ́ ẹ ń fi Windows sí i 🤣 Táyé fo ìlà yẹn.

Kò sí àìsàn kankan. Windows bá apá tó fi ń tàn lórí háàdì àtijọ́, ó ní ó ti wà níbẹ̀ kúkú, kò wulẹ̀ dá tuntun sílẹ̀ lórí SSD. Ó wá dà bí ilé tuntun tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ onílé àtijọ́. Ọ̀nà wà tí wọ́n fi ń kọ ọ́ láti ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, bcdboot ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ẹ ò tíì kó nǹkan kan sí i, ẹ kàn yọ wáyà háàdì, ẹ pa gbogbo ohun tó wà lórí SSD rẹ́, ẹ tún Windows fi sí i. Kò ní tó ìdajì wákàtí.

Tíṣà_Àgbà:
Mo kan ń wò ni. Windows wo lẹ fi sí i? Ṣebí wọ́n ní 10 ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025.

Alátùnṣe_Sábó:
Wọ́n ti parí ẹ̀ lóòótọ́ sà, Windows 11 ò sì gba ìran kẹta lọ́nà tó tọ́, ìran kẹjọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò àfikún Microsoft fún Windows 10, ń gba àtúnṣe ààbò títí di October 2026. Lẹ́yìn ìyẹn èmi á ní Linux Mint dípò Windows, ó ń fò lórí SSD, àmọ́ CorelDRAW ò sí lórí ẹ̀, ibẹ̀ ni bàbá ti máa bá mi jà.

Bàbá ẹ má sì gbàgbé, kò sí dífúrágì, títo fáìlì háàdì jọ yẹn, mọ́ o. Ẹ ṣí Optimize Drives, tó bá kọ Solid state drive síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, Windows á máa ṣe TRIM ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Bàbá_Ìbejì_Tákìí:
Ó ti tàn láìsí háàdì. Kẹ́hìndé kà á lójú fóònù, sẹ́kọ́ǹdì 19. Táyé ti bẹ ìdílé.

Mo wá fi háàdì sínú àpótí USB oníná tiẹ̀, torí ti íǹṣì 3.5 ò lè jẹun láti ara wáyà USB nìkan. Mo ní kí n kó fáìlì. CrystalDiskInfo fi àwọ̀ yẹ́lò hàn mí lórí ẹ̀, ó kọ Caution, Reallocated Sectors àti Current Pending ní nọ́ńbà lójú, wọn kì í ṣe òdo. Kí ni kí n ṣe?

Alátùnṣe_Sábó:
Ẹ má ṣe nǹkan míì lórí ẹ̀ mọ́ àfi kẹ́ ẹ kó fáìlì. Àwo ẹ̀ ti ń ṣá, ohun tí nọ́ńbà méjèèjì yẹn ń sọ nìyẹn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó, èyí tó bá kọ̀ ẹ fò ó, ẹ padà sí i lẹ́yìn. Ohun tí mo sọ nípa kó máa tọ́jú ẹ̀dà, mo gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ wá háàdì míì fún ìyẹn.

Tíṣà_Àgbà:
Ṣé ó ń dún kẹ́, kẹ́?

Bàbá_Ìbejì_Tákìí:
Kò dún rárá sà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Àwọn ìwé ìsìnkú ni mo kọ́kọ́ kó, àwọn èèyàn máa ń padà wá béèrè tí ọdún bá pé. Ó ń lọ ní 4MB ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Ó ku 61GB, iná sì ti ń ṣẹ́jú.

ỌmọUnderG:
Bàbá, ẹ lọ tan jẹnẹrétọ̀ báyìí, kí wọ́n tó mú un lọ.